Bí a ṣe ń ṣèwádìí ipa tí purotéènì inú oúnjẹ ń ní lórí ìdàkọ jíìnì nínú ara òròmọdìyẹ

Bí a bá pààrọ̀ oúnjẹ òròmọdìyẹ ní òwúrọ̀, tí a dín purotéènì inú rẹ̀ kù tàbí tí a fi kún un, kì í pẹ́ tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi ń fèsì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iye àdàkọ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní láti ara àwọn jíìnì kan yóò ti yí padà, nígbà tí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn adìyẹ náà kò tíì fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Èyí ni ó mú kí irú ìwádìí yìí wúlò, òun kan náà ni ó sì mú kí ó rọrùn láti ṣì í ṣe, nítorí pé ohun tí ó tètè ń yí padà nítorí oúnjẹ tún tètè ń yí padà nítorí ebi, òkùnkùn àti ìpayà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùwádìí tí ó ní òròmọdìyẹ bírọ́ílà níkàáwọ́, tí ó ní àǹfààní láti lo ẹ̀rọ PCR, tí ó sì fẹ́ mọ bí yóò ṣe to iṣẹ́ náà láti orí oúnjẹ títí dé orí kíka èsì.

Ohun tí à ń pè ní ìdàkọ

DNA inú sẹ́ẹ̀lì dà bí ìwé ńlá ìdílé kan tí a kì í gbé jáde kúrò nínú yàrá. Ẹni tí ó bá nílò ojú ìwé kan nínú rẹ̀ ní láti wọlé, kí ó da ojú ìwé náà kọ, kí ó sì gbé àdàkọ náà jáde fún àwọn tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ RNA polymerase II ni ó ń da àwọn jíìnì tí a fi ń kọ́ purotéènì kọ. Àdàkọ náà ni à ń pè ní mRNA, ráíbósómù ni ó sì ń kà á láti fi kọ́ purotéènì. Adìyẹ ní kúrómósómù 78, ìyẹn méjì-méjì lọ́nà 39, wọ́n sì ti tẹ àkọsílẹ̀ DNA rẹ̀ jáde láti ọdún 2004, èyí tí wọ́n kà láti ara adìyẹ igbó pupa, baba ńlá adìyẹ ilé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni lè rí àkọsílẹ̀ àwọn jíìnì tí n óò dárúkọ níhìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: iye mRNA tí a bá kà nínú ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ìdàkọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ àdàkọ tí ó ń bàjẹ́ kúrò nínú èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, bí omi inú ìkòkò tí ó ń jò. Bí omi bá pọ̀ sí i nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé à ń bu omi sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ihò ìkòkò ni ó dí. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé orí èsì.

Ọ̀nà tí purotéènì ń gbà dé ọ̀dọ̀ jíìnì

Purotéènì inú oúnjẹ kì í fi ara rẹ̀ kan jíìnì. Ìfun ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ ọ sí amino ásíìdì àti sí ègé kéékèèké tí amino ásíìdì méjì tàbí mẹ́ta so pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ àti sí iṣan. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé inú kókó sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àìtó. Bí amino ásíìdì kan bá ṣọ̀wọ́n, àwọn tRNA tí ó yẹ kí ó gbé e lọ fún ráíbósómù yóò máa rìn lọ́wọ́ òfo. Purotéènì kan tí ń jẹ́ GCN2 ni ó ń rí àwọn ọlọ́wọ́ òfo wọ̀nyí. Bí ó bá ti rí wọn, yóò fi fọ́síféètì sára eIF2α, kíkọ́ purotéènì yóò sì dín kù káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n àwọn mRNA kan wà tí ráíbósómù máa ń kà dáadáa ní irú àsìkò ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀, ti ATF4 sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ATF4 bá ti pọ̀, yóò wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì, yóò so mọ́ ibi pàtó lára DNA, yóò sì gbé ìdàkọ àwọn jíìnì bíi ASNS, TRIB3 àti DDIT3 sókè. Ẹ kíyè sí i pé ATF4 fúnra rẹ̀ lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé mRNA rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá wọn mRNA ATF4 nìkan, tí kò rí ìyàtọ̀, tí ó wá kọ ọ́ pé oúnjẹ kò ní ipa kankan, ti wo ẹnu ọ̀nà tí àlejò kò gbà wọlé.

Ọ̀nà kejì ni ti ànító. Àkójọ purotéènì kan tí ń jẹ́ mTORC1 ni ó ń kíyè sí i bí amino ásíìdì bá tó, pàápàá leucine, tí insulin sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà náà ni yóò mú S6K1 ṣiṣẹ́, tí kíkọ́ purotéènì nínú iṣan yóò sì yára. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ mTORC1 ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí mRNA tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe lórí ìdàkọ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń kan ìdàkọ àwọn jíìnì tí a fi ń kọ́ ráíbósómù, ó sì ń ran SREBP-1, olùdarí ìdàkọ àwọn jíìnì tí ń ṣe ọ̀rá, lọ́wọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ti họ́mọ́ọ̀nù, èmi sì gbà pé òun ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé jù. Oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ kéré máa ń gbé họ́mọ́ọ̀nù T3 sókè nínú ẹ̀jẹ̀ bírọ́ílà. T3 yìí sì ń gbé ìdàkọ malic enzyme, ẹ́ńsáìmù kan tí ó wúlò fún ṣíṣe ọ̀rá, sókè nínú ẹ̀dọ̀, pàápàá bí insulin bá wà níbẹ̀. Glucagon ń ṣe òdì kejì rẹ̀: ó ń gbé cAMP, ìránṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, sókè, ìdàkọ malic enzyme a sì lọ sílẹ̀. Ní ti IGF-1, họ́mọ́ọ̀nù tí ń mú ara dàgbà, ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí purotéènì kò bá tó tàbí bí ebi bá ń pa adìyẹ, mRNA IGF-1 inú ẹ̀dọ̀ máa ń dín kù, bí oúnjẹ bá sì padà dé, òun náà a padà.

Ẹ̀yà ara wo, jíìnì wo?

Bí ẹ bá ní owó tí ó tó fún ẹ̀yà ara kan ṣoṣo, ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ mú. Ohun tí ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé inú ẹ̀dọ̀ ni adìyẹ ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Ibi tí ọ̀rá ń kó jọ sí lábẹ́ ikùn jẹ́ àká lásán, kì í ṣe ibi iṣẹ́, èyí tí ó yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn jíìnì tí a máa ń wò níbẹ̀ ni ME1 tí ó ń ṣe malic enzyme, FASN, ACACA, àti THRSP. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Beltsville ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n ti ń bọ́ bírọ́ílà pẹ̀lú oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 12% títí dé 30%, fi hàn léraléra pé bí purotéènì ṣe ń pọ̀ sí i ni malic enzyme àti mRNA rẹ̀ ń dín kù, tí ṣíṣe ọ̀rá sì ń dín kù pẹ̀lú. Ní òdìkejì, xanthine dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe yúríkì ásíìdì, máa ń pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí ó ń jẹ purotéènì púpọ̀, nítorí pé yúríkì ásíìdì ni ẹyẹ fi ń lé náítírójìn tí ó pọ̀ jù jáde, kì í ṣe yúríà bí ènìyàn. Àìní ètò yúríà tí ó pé yìí náà ni ó fà á tí òròmọdìyẹ kò fi lè ṣe arginine fún ara rẹ̀, tí ó fi di dandan kí ó rí i nínú oúnjẹ.

Ẹran àyà ni ó tẹ̀ lé ẹ̀dọ̀. Iye fọ́nrán iṣan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí òròmọdìyẹ bá jáde láti inú ẹyin. Láti ìgbà náà lọ, sísanra ni àwọn fọ́nrán náà ń sanra, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ó sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn láti fún wọn ní kókó tuntun. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ lè wo PAX7, MYOD1 àti MYOG fún wọn, kí ẹ sì wo FBXO32, tí a tún ń pè ní atrogin-1, àti TRIM63 fún títú iṣan palẹ̀. Àìtó lysine tàbí methionine máa ń gbé atrogin-1 sókè. Iṣan àyà sì máa ń jìyà àìtó lysine ju àwọn iṣan mìíràn lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí a mú iṣan itan kí a sì sọ̀rọ̀ nípa ẹran àyà.

Ní ti ìfun, apá àárín ìfun kékeré ni kí ẹ mú, kí ẹ sì wo SLC15A1, ìyẹn PepT1 tí ń gbé ègé amino ásíìdì méjì-mẹ́ta wọlé, pẹ̀lú SLC7A1 àti SLC1A1. PepT1 máa ń tẹ̀ lé iye purotéènì àti iye oúnjẹ tí adìyẹ jẹ, nítorí náà ẹ kò lè túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ kò bá kọ iye oúnjẹ sílẹ̀.

Títo oúnjẹ

Níbí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń wó kí adìyẹ kankan tó ṣá oúnjẹ. Nínú 100 gíráàmù oúnjẹ, kò sí àyè òfo: bí ẹ bá gbé purotéènì láti 18% sí 24%, gíráàmù 6 ohun mìíràn ti jáde, sítáàṣì sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ME1 bá wá lọ sílẹ̀, ṣé purotéènì tí ó wọlé ni ó ṣe é, tàbí sítáàṣì tí ó jáde? Sítáàṣì ni ó ń gbé insulin sókè, tí ó sì ń mú ChREBP ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ChREBP náà ń gbé ìdàkọ àwọn jíìnì ọ̀rá wọ̀nyí sókè. Àwọn kan máa ń fi òróró dípò sítáàṣì kí agbára inú oúnjẹ lè dọ́gba, ṣùgbọ́n òróró inú ewéko fúnra rẹ̀, nítorí irú ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀, ń tẹ ìdàkọ FASN àti ME1 mọ́lẹ̀. Wọ́n á sá fún ẹ̀tàn kan, wọ́n á kó sínú òmíràn.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo ń jẹ́ kí òróró dọ́gba pátápátá nínú gbogbo oúnjẹ. Mo ń jẹ́ kí agbára tí adìyẹ lè lò dọ́gba pẹ̀lú, mo sì ń gbà tọkàntọkàn pé sítáàṣì ni purotéènì rọ́pò, mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn mi. Lẹ́yìn náà, mo ń ṣe oúnjẹ méjì péré, ọ̀kan ní 16% purotéènì, èkejì ní 24%, mo sì ń pò wọ́n pọ̀ láti rí èyí tí ó wà láàárín: ìdajì pẹ̀lú ìdajì yóò fún wa ní 20%, apá mẹ́ta nínú èyí tí ó kéré pẹ̀lú apá kan nínú èyí tí ó pọ̀ yóò fún wa ní 18%. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé àṣìṣe ìwọ̀n kan kò lè kan oúnjẹ kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ni yóò jọ gbé e, lẹ́sẹẹsẹ.

Oúnjẹ kan yẹ kí ó kún àwọn wọ̀nyí, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó dẹ́rù bà yín nípa rẹ̀: oúnjẹ 16% tí a fi lysine, methionine, threonine, valine, arginine àti glycine kún títí wọn yóò fi dé ìwọ̀n tí ó wà nínú oúnjẹ 24%. Bí IGF-1 bá lọ sílẹ̀ nínú oúnjẹ 16% lásán, tí ó sì padà sípò nínú èyí tí a fi amino ásíìdì kún, a mọ̀ pé àìtó amino ásíìdì pàtó ni ọ̀ràn náà. Bí kò bá padà, iye purotéènì lápapọ̀ ni, tàbí sítáàṣì. Láìsí oúnjẹ yìí, àròbájọ ni gbogbo ìtumọ̀ yín yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìjà àárín amino ásíìdì: lysine tí ó pọ̀ jù ń ba arginine jẹ́, leucine tí ó pọ̀ jù sì ń dín valine àti isoleucine kù.

Fún òdiwọ̀n, ìwé National Research Council ti Amẹ́ríkà ti ọdún 1994 fi purotéènì bírọ́ílà sí 23% láti ìgbà tí ó jáde títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 20% láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, àti 18% láti mẹ́fà sí mẹ́jọ, nínú oúnjẹ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3,200 kílókálórì nínú kílógíráàmù kan. Lysine fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 1.10%, methionine sì jẹ́ 0.50%. Àwọn bírọ́ílà òde òní ń dàgbà kíákíá ju ti ìgbà náà lọ, ohun tí àwọn tí ń bí wọn fún títà sì ń dámọ̀ràn fún lysine ga ju èyí lọ, nítorí náà ẹ lo ìwé náà bí ilẹ̀ tí a ti ń gbéra, kì í ṣe bí òkè tí a ń dé.

Lẹ́yìn tí a bá ti po oúnjẹ tán, ẹ gbé e lọ sí yàrá ìwádìí kí ẹ tó fún adìyẹ kankan. Ọ̀nà Kjeldahl máa ń wọn náítírójìn, a ó sì fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀ láti rí purotéènì. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín náítírójìn purotéènì tòótọ́ àti ti yúríà tí ẹni kan dà sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn amino ásíìdì pẹ̀lú.

Àwọn òròmọdìyẹ, àti aago

Ẹ mú irú bírọ́ílà kan ṣoṣo àti akọ nìkan tàbí abo nìkan, nítorí pé ìdàgbà akọ àti ti abo kò dọ́gba. Ẹ fún gbogbo wọn ní oúnjẹ kan náà fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́. Pupa ẹyin tí ó ṣẹ́ kù nínú ikùn òròmọdìyẹ ṣì ń bọ́ ọ ní ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún àkọ́kọ́, ohun tí ẹ bá sì rí nígbà náà kì í ṣe ti oúnjẹ yín nìkan. Ní ọjọ́ keje, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ yọ èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó tóbi jù, kí ẹ sì pín wọn sí àgò. Ohun tí à ń kà nínú ìṣirò ni àgò, kì í ṣe adìyẹ: adìyẹ mẹ́wàá nínú àgò kan tí wọ́n ń jẹun nínú agbada kan jẹ́ ẹyọ ìwádìí kan ṣoṣo. Àgò mẹ́jọ fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan dára, mẹ́fà kò burú, mẹ́ta kò lè gbé ìpinnu kankan dúró.

Ẹ máa wọn oúnjẹ tí ó kù lójoojúmọ́. Adìyẹ tí purotéènì rẹ̀ kéré díẹ̀ lè jẹ oúnjẹ sí i láti fi dí àlàfo náà, èyí tí purotéènì rẹ̀ kéré púpọ̀ tàbí tí amino ásíìdì rẹ̀ kò ṣe déédéé sì lè kọ oúnjẹ. Bí àyè bá gbà yín, ẹ fi ẹgbẹ́ kan kún un tí yóò máa jẹ oúnjẹ 24%, ṣùgbọ́n tí a kò ní fún ju iye gíráàmù tí àwọn tí ń jẹ 16% jẹ lánàá lọ.

Ọ̀rọ̀ aago ni ó kàn, níbẹ̀ ni mo sì ti jìyà. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo pa gbogbo adìyẹ tí ń jẹ purotéènì kékeré ní òwúrọ̀ nítorí pé àgò wọn ni ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì dé orí àwọn tí ń jẹ purotéènì púpọ̀ ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí mo ti kó agbada oúnjẹ wọn jáde láti wọ̀n ọ́n. Èsì náà wú mi lórí: malic enzyme ti wó lulẹ̀ nínú àwọn tí ń jẹ purotéènì púpọ̀, bí ìwé ti wí gan-an. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ni ó bi mí pé aago mélòó ni mo pa àwọn wọ̀nyí. Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo dọ́gba aago, ìyàtọ̀ náà sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ohun tí mo kọ́kọ́ rí. Ìyókù jẹ́ ti ebi.

Nítorí náà, ẹ to ọjọ́ ìpa yín báyìí. Ẹ pín àgò sí ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní àgò kan láti inú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì da ètò tí ẹ óò fi pa wọ́n rú nínú ìpele náà. Ẹ mú oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ gbogbo àgò fún wákàtí mẹ́rin nígbà tí iná ṣì wà ní títàn, ẹ wá dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ó tó láti fi ṣiṣẹ́ lórí adìyẹ kan láàárín, kí ó lè jẹ́ pé wákàtí méjì gééré lẹ́yìn tí oúnjẹ dé ni ẹ óò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tí ó wà nísàlẹ̀ ọrùn adìyẹ kí ẹ tó mú un. Bí ó bá ṣófo, adìyẹ náà kò jẹun, kí ẹ sì mú òmíràn nínú àgò kan náà. Adìyẹ kì í sábà jẹun nínú òkùnkùn, nítorí náà wákàtí tí iná ń tàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti ọjọ́ keje.

Bí ó bá jẹ́ pé bí ìdàkọ ṣe ń yára tó ni ó wù yín láti mọ̀, ètò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Ẹ bọ́ wọn títí di ọjọ́ 21, kí ẹ gba oúnjẹ 16% lọ́wọ́ àwọn kan, kí ẹ fún wọn ní 24%, kí ẹ sì ṣe òdì kejì fún àwọn mìíràn. Ẹ wá mú ẹ̀dọ̀ ní wákàtí òdo, 3, 6, 12 àti 24. Adìyẹ tí kò tíì ní àkókò láti sanra tàbí láti rù ni ẹ ń wò níbẹ̀, nítorí náà ohun tí ó bá yí padà jẹ́ ti oúnjẹ, kì í ṣe ti ìyàtọ̀ nínú títóbi ara.

Láti orí tábìlì dé inú fíríìsà

Ẹ ti gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ìlò ẹranko kí ẹ tó dé ibí. Ẹni méjì ni ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ọ̀kan mú ìfun, kí èkejì mú ẹ̀dọ̀ àti àyà, nítorí pé RNA inú ìfun máa ń bàjẹ́ kíákíá. Ẹ mú apá kan náà lára ẹ̀dọ̀ nínú gbogbo adìyẹ, ẹ mú ibi kan náà àti ìjìnlẹ̀ kan náà nínú ẹran àyà, kí ẹ sì gé wọn wẹ́wẹ́ kí òtútù lè wọ inú wọn kíá. Náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ −196°C, ni ó dára jù. Lẹ́yìn rẹ̀, inú fíríìsà −80°C. Bí ẹ bá ń lo RNAlater, omi tí ń pa RNA mọ́ kí ó má bàjẹ́, kí ègé náà má ṣe nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, kí omi náà sì jẹ́ ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kún fún ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ RNA.

Wíwọn àdàkọ

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ RNA, ẹ wo ìfiwéra ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà mu ní 260 nánómítà sí ti 280. RNA tí ó mọ́ máa ń súnmọ́ 2.0. Ẹ fi DNase pa DNA tí ó ṣẹ́ kù run, ẹ lo ìwọ̀n RNA kan náà fún gbogbo ẹ̀yà láti ṣe cDNA, ìyẹn DNA tí ẹ́ńsáìmù àyípadà kọ láti ara RNA, kí ẹ sì ní abọ́ kan tí a kò fi ẹ́ńsáìmù àyípadà sí, kí ẹ lè mọ̀ bí DNA bá ṣì ń fara pa mọ́. Ìṣiṣẹ́ primer kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé DNA kékeré tí ó ń tọ́ka jíìnì tí PCR yóò sọ di púpọ̀, gbọ́dọ̀ wà láàárín 90% sí 110%.

Jíìnì tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú GAPDH nítorí pé òun ni ó wà nínú fíríìsà, wọn a sì gbàgbé pé GAPDH wà nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń fọ́ glucose, tí sítáàṣì inú oúnjẹ tí a ń yí padà lè mì. Òṣùwọ̀n tí ọjà ń tì síwá sẹ́yìn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ dán jíìnì márùn-ún tàbí mẹ́fà wò lórí ẹ̀yà tiyín gan-an, kí ẹ sì mú méjì tàbí mẹ́ta tí kò yí padà láti oúnjẹ kan sí èkejì. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ct ni iye ìyípo tí ẹ̀rọ PCR ń yí kí àmì jíìnì kan tó hàn. Ká ní Ct IGF-1 jẹ́ 24 nínú adìyẹ tí ń jẹ 24%, tí ti òṣùwọ̀n sì jẹ́ 18. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 6. Ká ní nínú adìyẹ 16%, IGF-1 jẹ́ 26, òṣùwọ̀n ṣì jẹ́ 18. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 8. 8 yọ 6 jẹ́ 2. Bí Ct bá fi ẹyọ kan ga sí i, àdàkọ ti dín kù sí ìdajì, nítorí náà méjì túmọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ ṣe ìṣirò àfiwéra yín lórí ìyàtọ̀ Ct fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdá tí ẹ ti sọ ọ́ dà.

Bí ẹ bá lè ṣe RNA-seq, ẹ óò rí gbogbo jíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá dán jíìnì 15,000 wò, tí a sì lo òdiwọ̀n 0.05 lásán, nǹkan bí 750 ni yóò dà bí ẹni pé ó yí padà nípa èèṣì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe fún iye ìdánwò náà.

Kíka èsì

Àkókò tó láti padà sórí ìkòkò tí ó ń jò. Bí ME1 bá dín kù, ẹ má tíì kọ ọ́ pé ìdàkọ rẹ̀ dín kù. Ọ̀nà tí kò wọ́n owó jù láti mọ̀ ni kí ẹ ṣe primer tí yóò bọ́ sínú intron, ìyẹn apá tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé dànù kí mRNA tó jáde kúrò nínú kókó. RNA tí intron ṣì wà lára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí òun náà bá dín kù, ìdàkọ ni ó dín kù. Bí òun bá dúró sójú kan tí mRNA tí ó ti pé ń dín kù, a jẹ́ pé ìbàjẹ́ ni ó yára. Fún èyí, fífi DNase fọ RNA mọ́ di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré rárá, nítorí pé DNA fúnra rẹ̀ ní intron.

Ẹ má sì ṣe ka jíìnì kan ṣoṣo. Bí ASNS àti TRIB3 bá gòkè pọ̀ nínú oúnjẹ 16%, tí wọ́n sì padà sípò nígbà tí a fi amino ásíìdì kún un, ẹ̀rí pé ọ̀nà GCN2 ni ìròyìn gbà lágbára. Bí FASN, ACACA àti ME1 bá jọ lọ sílẹ̀ nínú 24%, ṣùgbọ́n tí wọn kò lọ sílẹ̀ nínú oúnjẹ 16% tí a fi amino ásíìdì kún, sítáàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé àdàkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a fojú rí: ìwọ̀n ara, ìwọ̀n ẹran àyà, ọ̀rá ikùn, yúríkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀. Bí mRNA bá ti yí padà tí purotéènì tí ó ń ṣe kò tíì yí padà, kò sí ìtakora níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí ó ti wà nílẹ̀ lè pẹ́ ju àdàkọ tí a fi ṣe é lọ.

Kí ẹ tó fọ ilé adìyẹ, ẹ bu ìdajì kílógíráàmù nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìsà títí ìròyìn yín yóò fi jáde. Nígbà tí èsì bá lòdì sí ohun gbogbo tí ẹ mọ̀, ibi àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ lọ ni inú fíríìsà náà, nítorí mo ti rí i tí wọ́n lẹ orúkọ oúnjẹ méjì mọ́ àpò ara wọn.